Ìbora Alábùlẹ̀ Láti Inú Àgékù Ànkárá àti Àdìrẹ: Bí Kò Ṣe Ní Hunjọ, Tí Igun Rẹ̀ Á Sì Bára Mu

Àgékù aṣọ kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìbàdàn, láti Mọ̀kọ́lá dé Agodi Gate, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti gbìyànjú láti rán an pọ̀ di ìbora. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Wọ́n á gé e, wọ́n á rán an, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, àárín rẹ̀ á wú sókè, etí rẹ̀ á máa ká lọ ká bọ̀, igun ègé kan ò ní bá ti ìkejì pàdé. Wọ́n á ní ọwọ́ àwọn ò gba iṣẹ́ ọwọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí abẹ́rẹ́ tó kan aṣọ yẹn rárá ló ti bàjẹ́: aṣọ tí a kò fọ̀, tí a kò lọ̀, tí a fi ojú wọ̀n, kò sí télọ̀ tó lè rán an kó tẹ́jú.

Ìbora tí a ó rán níhìn-ín jẹ́ ínṣì 40 ní ìbú, 52 ní gígùn. Ó tó bo ẹsẹ̀ àgbàlagbà lórí àga, ó sì tó ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé í bora. Ẹ má fi bo ọmọ ọwọ́ lójú oorun, torí ó wúwo. Ìdí tí mo fi mú ìwọ̀n yìí ni pé ìbú ànkárá sábà máa ń tó ínṣì 45, nítorí náà ẹ̀yìn ìbora yìí kò ní nílò àlẹ̀mọ́ kankan.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

- Àgékù ànkárá àti àdìrẹ tí a lè rí ègé 48 gé jáde nínú rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 6½ ní òró àti ní ìbú. Bí ẹ bá ní láti rà kún un, yáàdì kan ànkárá máa ń mú ègé 30 jáde.
- Ànkárá yáàdì 2 tí kò ní àlẹ̀mọ́, fún ẹ̀yìn àti ìṣẹ́tí. Ínṣì 56 nínú rẹ̀ ni ẹ̀yìn, èyí tó kù ni a ó gé fún ìṣẹ́tí.
- Àdìrẹ aláró tí a ó gé ní gbọọrọ mẹ́rin, ínṣì 2½ ní ìbú, fún ààlà yíká.
- Kúbùsù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, irú èyí tí kì í ta òwú, tí kò dín ní ínṣì 44 sí 56. Òun ni yóò wà láàárín. Kò burú bó bá jẹ́ ògbólógbòó, bó bá ṣáà ti mọ́.
- Òwú ìránṣọ, abẹ́rẹ́ máṣíìnì nọ́ńbà 14 àti 16, pín-ìn, sáfétì-pín, téèpù, ṣọ́ọ̀kì télọ̀, rúlà gígùn, páálí líle, áyọ́ọ̀nù, àti sísọ́ọ̀sì tí kò gé ìwé rí.

Ẹ má lo fóòmù, ẹ má sì lo òwú inú ìrọ̀rí. Fóòmù kò ní ká lára, òwú ìrọ̀rí á sì di kókó kókó ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ ìbora náà.

Ní ti àgékù, àwọn télọ̀ kì í sábà fi dunni bí ẹ bá bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ wọlé, ẹ kí wọn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín kó àgékù aṣọ, èyí tó bá ti fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ." Ẹ mú àpò tiyín dání, ẹ sì bá wọn gbá ilẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá rí gbà, ẹ lọ sí Gbági tàbí Aléṣinlóyè, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta aṣọ ní yáàdì bóyá wọ́n ní ìdí aṣọ tó ṣẹ́kù.

Ìpele 1: Ẹ dán aṣọ wò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́

Gbogbo ohun tó jọ ànkárá kọ́ ni òwú. Ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ létí aṣọ, ẹ fi iná kàn án lórí àwo irin. Bó bá jóná bí ìwé tó sì di eérú, òwú ni. Bó bá yọ́ tó sì di kókó líle, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, torí áyọ́ọ̀nù gbígbóná á ká a kò, kò sì ní sún kì bí àwọn yòókù.

Ẹ fọ ànkárá nínú omi tútù pẹ̀lú ọṣẹ, kó lè sún kì kí ẹ tó gé e. Àdìrẹ nìkan ni kó wà nínú abọ́ tirẹ̀. Ẹ máa fọ̀ ọ́, kí ẹ máa da omi nù, títí omi á fi mọ́. Bó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ fọwọ́ ra á dáadáa: ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ya àwòrán rẹ̀ lè ṣẹ́ kù sára rẹ̀, á sì máa mú kí ibì kan le ju ibì kan lọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: ọ̀pọ̀ gbà pé iyọ̀ tàbí fínígà á de aró mọ́ aṣọ. Aṣọ tí wọ́n ti rẹ tán, iyọ̀ kò tún lè dè é. Aró tí kò wọnú òwú ló ń ṣí, fífọ̀ ló sì ń mú un kúrò.

Ẹ sá a sábẹ́ òjìji. Kó tó gbẹ tán pátápátá ni kí ẹ lọ̀ ọ́, torí ìgbà yẹn ni ìhunjọ máa ń gbọ́ràn. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ẹ gbé e lé e, ẹ má wọ́ ọ, torí wíwọ́ ló ń fa aṣọ gùn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tẹ́ áńkáṣíìfù funfun tó lómi díẹ̀ sórí àdìrẹ, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Bí áńkáṣíìfù bá ṣì gba àwọ̀ aró, ẹ padà sídìí abọ́. Bí ẹ bá gbójú fo èyí, aró á ṣí sára ègé funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì sí ọṣẹ tó ń tún un ṣe.

Ìpele 2: Ẹ to àwọ̀ àti àwòrán

Ìpele yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ fún jù. Àgékù láti ọ̀dọ̀ télọ̀ mẹ́wàá kò ní ohun kankan tó pa wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá kàn ń mú èyí tọ́wọ́ bà, wọ́n á máa bára wọn jà lórí aṣọ, ojú á sì rẹ ẹni tó ń wò ó.

Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ojú rẹ̀ pín sí onígun mẹ́rin onígun mẹ́rin, àwòrán inú ọ̀kan kì í ṣe ti ìkejì. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà nínú rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín òpó kan sí èkejì. Àwòrán pọ̀ lórí aṣọ kan ṣoṣo, síbẹ̀ ojú kì í rẹni, nítorí àwọ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀: aró àti funfun. Ohun tí ẹ ó kọ́ lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ mú ohun kan tí yóò máa padà wá. Ó lè jẹ́ aró nínú gbogbo ègé kejì, ó lè jẹ́ pupa díẹ̀ nínú gbogbo ìlà. Ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù yàtọ̀ síra bó ṣe wù wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ègé tó dákẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé tó ń pariwo. Ànkárá olódòdó ńlá méjì kò gbọdọ̀ fara kanra. Bí ẹ bá ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ojú kan ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ yà, nítorí náà ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ aró lásán. Ẹ̀yìn yẹn ni ègé tó dákẹ́ jù lọ tí ẹ lè ní, ọ̀fẹ́ sì ni.

Fún ẹni tó bá ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ègé 24 tó ṣókùnkùn àti 24 tó mọ́lẹ̀ ti tó. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, ìlà 8, ègé 6 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fi ọ̀kan nínú ọgbọ́n mẹ́ta yìí rọ́pò ègé mẹ́jọ tàbí méjìlá. Kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Eyín onígun mẹ́ta. Nígbà ọdún egúngún, ẹ wo etí àwọn aṣọ tó so rọ̀ lára ẹ̀kú. Ẹ ó rí i lára ọ̀pọ̀ wọn pé onígun mẹ́ta kéékèèké ni wọ́n tò yíká bí eyín ayùn, àwọ̀ méjì tó lòdì síra. Láti rí i ṣe láìgé onígun mẹ́ta kankan: ẹ mú ègé méjì tó jẹ́ ínṣì 7, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, ẹ kọjú wọn síra. Ẹ fa ìlà láti igun dé igun ní ẹ̀yìn ti funfun. Ẹ rán an ní ínṣì ¼ sí apá ọ̀tún ìlà náà àti ínṣì ¼ sí apá òsì. Ẹ wá gé e lórí ìlà. Ègé méjì ló jáde yẹn, kálukú ní àwọ̀ méjì. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ gé e padà sí ínṣì 6½. Ẹ rọra o: aṣọ tí a gé láti igun dé igun máa ń nà, nítorí náà ẹ má fà á.

Òrùlé páànù. Láti orí òkè Mápó, tàbí láti òkè Láyípo, ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ ní 1936, páànù tó ti dípẹtà ló bo Ìbàdàn títí dé ibi tí ojú lè rí i dé: pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ ilẹ̀, eérú, ọ̀kan gun orí èkejì. Àgékù tó tín-ín-rín jù, tí kò lè di ègé kan, ni ẹ ó lò fún èyí. Ẹ gé ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ lára sí ínṣì 6½. Ẹ tẹ́ àgékù kan dábùú àárín rẹ̀, ẹ kọjú èkejì sí i, ẹ rán an mọ́ aṣọ àti ìwé pa pọ̀, ẹ ṣí i sẹ́yìn, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ tún fi ẹ̀kẹta sí i, títí ìwé yóò fi bò. Ẹ yí i padà, ẹ gé gbogbo ohun tó yọ kọjá ìwé, kí ẹ wá ya ìwé kúrò. Ẹ jẹ́ kí ojú abẹ́rẹ́ kéré, kí ìwé lè ya láìtú òwú. Ẹ má lo ìwé ìròyìn, torí áyọ́ọ̀nù á tẹ tádàwá rẹ̀ sára aṣọ.

Aṣọ òkè. Bí ẹ bá dé ọjà Ọjẹ́, ẹ lè rí gbọọrọ sányán, àlàárì tàbí ẹtù. Ó dára gan-an láàárín àdìrẹ, ṣùgbọ́n ó nípọn, etí rẹ̀ sì máa ń tú. Ẹ lọ gọ́ọ̀mù-sítéè (aṣọ tí gọ́ọ̀mù wà lójú rẹ̀ kan, tí áyọ́ọ̀nù ń lẹ̀ mọ́ aṣọ) mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gé e, ẹ má sì jẹ́ kí ègé aṣọ òkè méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ojú rírán ibẹ̀ má baà ga jù fún abẹ́rẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ to gbogbo aṣọ sílẹ̀, ẹ fi fóònù ya á, ẹ yí fọ́tò náà sí dúdú àti funfun. Ibi tí ègé méjì bá ti di ọ̀kan lójú yín, àwọ̀ wọn sún mọ́ra jù nìyẹn bí ẹ tilẹ̀ rò pé ọ̀kan pupa, ìkejì ewé. Ẹ pààrọ̀ ọ̀kan. Bí ó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tọ́jú fọ́tò náà, òun ni ẹ ó máa wò tí ẹ bá ń rán.

Ìpele 3: Gígé

Ẹ gé páálí sí ínṣì 6½ gẹ́lẹ́, ẹ fi rúlà wo òró, ìbú, àti láti igun dé igun. Ìlà méjèèjì tó lọ láti igun dé igun gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn ò bá dọ́gba, páálí náà wọ́ ni.

Fọ́nrán aṣọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe àwòrán orí rẹ̀. Àwòrán ànkárá máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà míì. Láti mọ ibi tí fọ́nrán gbà, ẹ fi sísọ́ọ̀sì là á létí díẹ̀, kí ẹ ya á. Ibi tó ya gbà ni fọ́nrán. Ẹ lọ ibẹ̀, kí ẹ fi etí páálí tì í.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: ṣọ́ọ̀kì tí etí rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ máa ń fi díẹ̀ kún ègé kọ̀ọ̀kan. Ẹ pọ́n ṣọ́ọ̀kì kó mú, kí ẹ sì gé e sí apá inú ìlà. Etí páálí náà máa ń jẹ tí a bá lò ó pẹ́, nítorí náà ẹ gé méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ ju èyí tó bá ti rọ̀ nù. Ẹ má sì ká aṣọ ní ìlọ́po mẹ́rin láti gé e kíákíá. Tìsàlẹ̀ á sún.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ to ègé mẹ́wàá léra. Ẹ fi ìka gba etí wọn. Èyí tí ìka bá ti gbọ́, ẹ yọ ọ́.

Ìpele 4: Rírán ègé pọ̀

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí ínṣì ¼ tí a fi sílẹ̀ létí fún rírán. Ẹsẹ̀ máṣíìnì kì í sábà tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àgàgà àwọn máṣíìnì àfọwọ́yí àtijọ́. Ẹ fi rúlà wọn ínṣì ¼ láti ojú abẹ́rẹ́ sí apá ọ̀tún, ẹ lẹ séélòtéèpù mọ́ irin níbẹ̀, kí etí aṣọ máa fara tì í.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú gbọọrọ mẹ́ta tí ìbú wọn jẹ́ ínṣì 1½. Ẹ rán wọn pọ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ wọn èyí tó wà láàárín. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì kan gẹ́lẹ́. Bó bá dín, ẹ sún téèpù sápá abẹ́rẹ́. Ẹ má sọ pé ohun kékeré ni: bí ẹ bá fi ínṣì 1/16 péré kún etí kọ̀ọ̀kan, ègé kan á dín ní ⅛, ìlà tó ní ègé 6 á sì dín ní ¾. Ibẹ̀ ni ìwúsókè àárín ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà 14 ni abẹ́rẹ́. Ẹ rán ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ ojú rírán ìlà àkọ́kọ́ sápá ọ̀tún, ti ìkejì sápá òsì, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹjọ. Nígbà tí ẹ bá wá kọjú ìlà méjì síra, ojú rírán wọn á kọ ara wọn, ọ̀kan á wọ ẹ̀gbẹ́ èkejì, ẹ ó sì fi ìka mọ̀ ọ́n bó ṣe há. Ẹ gún pín-ìn síbẹ̀, kí ẹ tó gún ibòmíì. Bí igun ṣe ń bára mu nìyẹn. Kò sí àṣírí míì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 36½ kí ẹ tó so ó mọ́ èkejì. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti di ọ̀kan, á jẹ́ 36½ sí 48½.

Ìpele 5: Ààlà àdìrẹ

Ẹ má mú gbọọrọ gígùn kan, kí ẹ máa rán an lọ létí títí yóò fi tán, kí ẹ wá gé ìyókù nù. Ohun tó ń mú kí etí ìbora máa ká lọ ká bọ̀ nìyẹn, torí etí ti nà nígbà tí ẹ ń dì í mú. Àárín ìbora ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ gé gbọọrọ méjì sí ìwọ̀n yẹn, ínṣì 48½, ẹ gún un ní ìpẹ̀kun méjèèjì àti àárín, kí ẹ tó rán an. Lẹ́yìn náà ni ti òkè àti ìsàlẹ̀, ínṣì 40½.

Ìpele 6: Aṣọ mẹ́ta (ojú, kúbùsù àti ẹ̀yìn) di ọ̀kan

Ẹ gbá ilẹ̀ táìlì tàbí símẹ́ńtì tó mọ́. Ẹ dojú ànkárá ẹ̀yìn, ínṣì 44 sí 56, bolẹ̀, ẹ fi séélòtéèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kó tẹ́, ṣùgbọ́n kó má fà. Bó bá fà, á ká kò nígbà tí ẹ bá ṣí i kúrò. Ẹ tẹ́ kúbùsù lé e, ẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ láti àárín síta. Ẹ wá tẹ́ iṣẹ́ yín lé e, kó kọjú sókè, kó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn yọ níta rẹ̀ yíká.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ẹ gún sáfétì-pín ní gbogbo ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ẹ máa lọ síta. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí á lé ìhunjọ wá sí àárín, kò sì ní rí ibi tí yóò lé e gbà mọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣí téèpù, ẹ gbé e sókè, ẹ yí i padà. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ìdí tí a fi ń wò ó nísinsìnyí ni pé pín-ìn rọrùn í tú ju òwú lọ.

Ìpele 7: Rírán aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra

Ọwọ́ dára níhìn-ín ju máṣíìnì lọ, lójú tèmi. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ alábẹ́rẹ́ máa ń fi abẹ́rẹ́ tọ ìlà kí wọ́n tó rẹ aṣọ. Irú ìlà wọn ni kí ẹ fi òwú funfun tó nípọn díẹ̀ rán sórí ègé aró: ìlà tó ṣe gbọọrọ, tàbí róbótó tó ń fẹ̀ láti àárín. Ojú abẹ́rẹ́ kékeré, tó dọ́gba, tó wọ aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kókó òwú ni kí ẹ fà wọ inú, kó má hàn lẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ máṣíìnì, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ sí nọ́ńbà 16, ẹ jẹ́ kí ojú rírán gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ sì máa rán ìlà tààrà nìkan. Ẹ ká ìyókù aṣọ róbótó, kí ẹ gbé e lé itan tàbí tábìlì. Bó bá rọ̀ sílẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á fa ìlà wọ́.

Lọ́nà méjèèjì, àárín ni ìbẹ̀rẹ̀. Kí àlàfo láàárín ìlà kan sí èkejì má ju ínṣì 4 lọ, kí kúbùsù inú má baà sún bí a bá ń fọ̀ ọ́.

Ìpele 8: Ìṣẹ́tí

Ẹ gé ohun tó yọ létí kúbùsù àti ẹ̀yìn, kó bá ààlà dọ́gba. Láti ara ànkárá tó kù, ẹ gé gbọọrọ márùn-ún, ínṣì 2½ ní ìbú. Ẹ so wọ́n pọ̀ ní dídábùú, kí ojú àsopọ̀ má ga. Ẹ ká a sí méjì ní òró rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́.

Ẹ fi etí rẹ̀ tó là ti etí ìbora lójú, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àárín ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe ní igun, ẹ rán an ní ínṣì ¼. Bó bá ku ínṣì ¼ kí ẹ dé igun, ẹ dúró, ẹ já òwú. Ẹ ká gbọọrọ náà sókè kó tọ́, ẹ tún ká a bọ̀ wálẹ̀ sórí ẹ̀gbẹ́ tó kàn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níkẹyìn, ẹ yí i sí ẹ̀yìn, ẹ fi ọwọ́ gán an mọ́lẹ̀ kó bo ojú máṣíìnì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tẹ́ ìbora sílẹ̀, ẹ ká a sí méjì ní òró, lẹ́yìn náà ní ìbú. Igun gbọ́dọ̀ bo igun. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gba àárín rẹ̀ lọ sí etí. Bí ẹ bá rí ibi tó wú, ìlà kan sí i láàárín àwọn ìlà tó wà níbẹ̀ á sábà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Omi tútù àti ọṣẹ lásán ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́, láìlo bílíìsì. Ẹ má fún un bí ẹni ń fún sòkòtò jíǹsì: ẹ tẹ omi kúrò lára rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí okùn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ òjìji, kí ìwúwo omi má baà fa apá kan gùn.